Nígbà tí prósẹ́sọ̀ àti káàdì àwòrán kò bá dọ́gba: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí géèmù tó ń fà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ni mo ń lò. Prósẹ́sọ̀ Core i5-3470 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú RAM (mẹ́mórì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 8 GB ẹyọ kan ṣoṣo. Mo tọ́jú owó fún ìgbà pípẹ́, mo pààrọ̀ power supply rẹ̀, mo sì fi káàdì àwòrán RTX 3060 sínú rẹ̀ nítorí géèmù Cyberpunk 2077. Àwòrán rẹ̀ rẹwà sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye fírémù (àwòrán tó ń hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) kò kúrò ní 35 sí 40, bí mo bá sì wa ọkọ̀ wọ àárín ìlú, géèmù náà á dúró gbọin kí ó tó tún rìn. Ṣé káàdì tí kò dára ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mi ò rò pé nǹkan kan ṣe káàdì náà. Ohun tí o ṣàlàyé yìí ni a máa ń rí nígbà tí káàdì àwòrán bá ń dúró de prósẹ́sọ̀. Fírémù kọ̀ọ̀kan tó hàn sí ọ lójú ti gba ọwọ́ àwọn méjèèjì kọjá. Prósẹ́sọ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣírò ibi tí olúkúlùkù ènìyàn inú géèmù wà, ohun tí ó fẹ́ ṣe, àti ibi tí ọkọ̀ tó kọlu ọkọ̀ yóò fò sí, lẹ́yìn náà ni yóò to àṣẹ gbogbo ohun tí káàdì yóò yà jọ. Káàdì ni yóò wá fi àwọ̀ sí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di àwòrán. Ẹni tó ń gé aṣọ àti ẹni tó ń rán an ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni wọ́n jọ: bí ẹni tó ń gé e kò bá gé ju mẹ́rin lọ lóòjọ́, ẹni tó ń rán an kò lè rán márùn-ún, bó ti wù kí máṣíìnì rẹ̀ yá tó.

Jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Kí géèmù tó lè fún ọ ní fírémù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fírémù kan kò gbọdọ̀ gbà ju mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 lọ, bí o bá ń fẹ́ 144, mílísẹ́kọ́ǹdì 6.9 péré ni. Ká ní prósẹ́sọ̀ rẹ ń lo mílísẹ́kọ́ǹdì 26 lórí fírémù kan, tí káàdì sì ń lo 12. Bí káàdì ṣe ń ya fírémù yìí lọ́wọ́ ni prósẹ́sọ̀ ti ń múra èyí tó kàn sílẹ̀, nítorí náà a kì í ro 26 mọ́ 12. Èyí tó pẹ́ jù nínú méjèèjì là ń kà, 26 sì túmọ̀ sí fírémù bíi 38. Bí o bá ra káàdì mìíràn lọ́la tó sọ 12 yẹn di 6, fírémù 38 náà ni yóò ṣì máa jáde.

Ọdún 2012 ni i5-3470 jáde. Core (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò nínú prósẹ́sọ̀) mẹ́rin ló ní, core kọ̀ọ̀kan kò sì lè gba ju iṣẹ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 2021 ni RTX 3060 dé, Cyberpunk 2077 sì jẹ́ géèmù tó ń pín iṣẹ́ fún core púpọ̀, pàápàá ní ibi tí èrò bá pọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé àárín ìlú ni ìyà ti ń jẹ ọ́ jù.

Ṣùgbọ́n má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan ṣiṣẹ́, dán an wò fúnra rẹ. Gba MSI Afterburner àti RivaTuner sórí kọ̀ǹpútà náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n máa fi iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe, iṣẹ́ tí core kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti àkókò tí fírémù ń gbà hàn ọ́ ní igun ojú géèmù. Lọ dúró ní ọjà tí èrò kún, má ṣe yíjú padà. Bí o bá rí i pé káàdì wà ní bíi 55%, tí core mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń lọ sókè sódò láàárín 95 sí 100%, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Lẹ́yìn náà, láìkúrò lójú kan, sọ iye píksẹ́lì di 1280×720. Iṣẹ́ káàdì ti dín kù gan-an báyìí, ti prósẹ́sọ̀ kò sì yí padà. Bí iye fírémù bá fò sókè, káàdì ló ń fà ọ́ sẹ́yìn. Bí ó bá dúró síbi tó wà, prósẹ́sọ̀ ni.

Core kọ̀ọ̀kan ni kí o wò, má wo àpapọ̀ wọn tí Task Manager ti Windows máa ń kọ. Lórí prósẹ́sọ̀ tó ní core mẹ́jọ, bí iṣẹ́ bá kún ẹyọ kan dẹ́nu tí àwọn yòókù sì jókòó lásán, 12.5% péré ni àpapọ̀ yóò jẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì máa bú káàdì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo dán an wò, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí. Mo tún tan DLSS, kò yí nǹkan kan padà. Kí ni mo lè ṣe nísinsìnyí tí owó kò tíì sí?

Ìdáhùn: DLSS ń dín píksẹ́lì tí káàdì ń yà kù, káàdì tìrẹ sì ti ń sinmi tẹ́lẹ̀. Pa á. Níwọ̀n ìgbà tí agbára káàdì náà ṣẹ́ kù sílẹ̀, ò báà tilẹ̀ gbé ẹwà àwòrán sókè, iye fírémù kò ní jábọ́ títí káàdì yóò fi kún. Ohun tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ ni kí o dín iṣẹ́ prósẹ́sọ̀ kù. Gbé Crowd Density (iye èrò tó ń rìn nínú géèmù) wálẹ̀ pátápátá. Pa ray tracing (ìṣirò bí ìtànṣán ṣe ń tàn nínú géèmù) náà, nítorí kì í ṣe káàdì nìkan ló ń ni lára. Prósẹ́sọ̀ náà ń kópa nínú títọ́jú àwòrán ilẹ̀ tí ìtànṣán yóò gbà kọjá. Lẹ́yìn èyí, fi RivaTuner dá iye fírémù dúró sí 35. Mo mọ̀ pé ó dàbí ẹni pé à ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n 35 tó ń lọ geerege tu ojú lára ju 45 tó ń ṣubú sí 22 ní gbogbo ìkóríta lọ.

RAM rẹ ló kàn. Ẹyọ kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé ọ̀nà kan ni dátà ń gbà nígbà tí prósẹ́sọ̀ rẹ ní ọ̀nà méjì, 8 GB pàápàá sì kéré fún irú géèmù yìí. Ra 8 GB DDR3 (irú RAM tí kọ̀ǹpútà rẹ ń lò) mìíràn kún un, kí o sì wo ìwé motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) láti mọ ihò tó yẹ kí o fi í sí.

Tí o bá ti rí owó díẹ̀, prósẹ́sọ̀ i7-3770 yóò wọ inú motherboard rẹ láìsí wàhálà. Core mẹ́rin náà ló ní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́jọ ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, wáàtì 77 kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń jẹ. Dídúró gbọin yẹn yóò dín kù, àmọ́ má retí ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá pè é ní owó gọbọi, fi í sílẹ̀ kí o sì máa tọ́jú owó fún prósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600, motherboard AM4 (irú ihò tí prósẹ́sọ̀ yẹn ń wọ̀) àti RAM DDR4 16 GB. RTX 3060 rẹ yóò bá ọ lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìwọ náà yóò ti mọ ohun tí o rà.

Ìbéèrè: Òdìkejì tèmi ni. Ryzen 5 5600 ni mo ní pẹ̀lú GTX 1650, káàdì sì máa ń wà ní 99% ní gbogbo ìgbà. Ṣé kò ní bàjẹ́?

Ìdáhùn: Kò ní bàjẹ́, bí ó bá ti ń tutù dáadáa. 97 sí 99% ni a fẹ́, nítorí ó túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí o rà ló ń ṣiṣẹ́. Fún ìwọ, dídín iye píksẹ́lì kù yóò mú ìyàtọ̀ wá. DLSS kò sí fún GTX, ṣùgbọ́n FSR ti AMD, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ohun kan tó yẹ kí o ṣọ́ ni mẹ́mórì 4 GB tó wà lórí káàdì náà: bí ètò texture (àwòrán tó ń bo ojú nǹkan inú géèmù) bá ga ju èyí lọ, káàdì yóò máa lọ mú dátà láti inú RAM kọ̀ǹpútà, géèmù yóò sì máa ta gìrì bí ẹni pé prósẹ́sọ̀ ni kò lágbára. Dín texture kù kí o tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ìbéèrè: Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń gbá Counter-Strike 2. RTX 4060 ni àwa méjèèjì ní, 1080p (píksẹ́lì 1920×1080) sì ni a ń lò, ṣùgbọ́n iye fírémù tirẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì. Ryzen 5 3600 ni tèmi, Ryzen 7 5800X3D ni tirẹ̀.

Ìdáhùn: Nínú irú géèmù yìí, tí àwọn tó ń gbá a sábà máa ń dín ẹwà kù kí ó lè yára, káàdì máa ń parí iṣẹ́ tirẹ̀ kíákíá, prósẹ́sọ̀ ló sì ń pinnu ohun tó kù. Kì í ṣe iye core nìkan ló yà yín sọ́tọ̀. Prósẹ́sọ̀ rẹ, ti ọdún 2019, ní cache L3 (mẹ́mórì kékeré tó yára gan-an nínú prósẹ́sọ̀) tó jẹ́ 32 MB, tí wọ́n pín sí apá méjì. Tirẹ̀, ti ọdún 2022, ní 96 MB lójú kan. Dátà kan náà ni géèmù máa ń padà sí lemọ́lemọ́, gbogbo ìgbà tí kò bá sì bá a nínú cache ni yóò ní láti lọ mú un nínú RAM, tí core yóò sì dúró láìṣe nǹkan kan. Ìròyìn ayọ̀ ni pé AM4 ni tiyín méjèèjì. Bí o bá ti sọ BIOS (ètò inú motherboard tó ń gbé kọ̀ǹpútà dìde) di tuntun, 5800X3D tàbí 5700X3D lè wọ inú motherboard rẹ.

Kí o tó náwó, wo bí RAM rẹ ti ń sáré tó. Èyí tí wọ́n kọ 3200 sí lára sábà máa ń wà ní 2133 tàbí 2400 títí a ó fi tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i lára) nínú BIOS, èyí sì máa ń dun Ryzen gan-an. Bí mọ́nítọ̀ rẹ bá sì jẹ́ 60 Hz, òun ni kí o kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí kò lè fi ju fírémù 60 hàn ọ́.

Ìbéèrè: Mo kọ orúkọ prósẹ́sọ̀ àti káàdì mi sórí ojú ewé ìṣirò kan, ó ní 23% ni wọn kò fi bára mu. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kò sí irú iye kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. 1920×1080 jẹ́ píksẹ́lì tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì, 3840×2160, ìyẹn 4K, sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Prósẹ́sọ̀ tó ń fa káàdì kan sẹ́yìn ní 1080p lè máà jẹ́ ìṣòro rárá ní 4K, géèmù bọ́ọ̀lù àti Microsoft Flight Simulator kì í sì í béèrè nǹkan kan náà. Géèmù tí ìwọ gan-an ń gbá ni kí o fi wọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ kú ìkàlẹ̀, sà. Ọmọ mi ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bẹ́ẹ̀ bátìrì kún. Ó ní kí n bá òun ra prósẹ́sọ̀ tuntun.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó kankan. Nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lóde òní, jíjó ni wọ́n jó prósẹ́sọ̀ mọ́ motherboard, kò ṣeé yọ. Bátìrì kò lè gbé agbára tí káàdì àti prósẹ́sọ̀ nílò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń dín agbára wọn kù, Battery Boost ti Nvidia sì tún lè dá iye fírémù dúró sí ìwọ̀nba. Bí ẹ bá ní inverter, ẹ wo wáàtì tí wọ́n kọ sára ṣájà tó bá a wá, ó lè jẹ́ 180 tàbí 230, kí ẹ sì rí i pé inverter náà gbé e pẹ̀lú ohun yòókù tó wà lórí rẹ̀. Ṣájà kékeré oníwáàtì 65 yóò máa fi àmì hàn pé ó ń ṣáájì, ṣùgbọ́n kò ní tó fún géèmù.

Bí ó bá tún ń fà nígbà tí iná wà, pàápàá lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ooru ni. Ẹ ní kí ó má ṣe gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì mọ́, kí ó gbé e sórí tábìlì, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì bá a gbọn eruku inú fáànù rẹ̀. Kí ó ṣí MSI Afterburner nígbà tó bá ń gbá géèmù: bí ìgbóná prósẹ́sọ̀ bá dúró sí 95 sí 100°C láìkúrò níbẹ̀, tí GHz rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dín eré ara rẹ̀ kù kí ó má bàa jóná, fáànù yẹn sì ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀.