Kẹ́ ẹ tó gbé Màmá tàbí Bàbá sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní Ìlọrin, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ "kí laráyé máa wí" sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mo mọ̀ pé ní Ìlọrin yìí, tí wọ́n bá gbọ́ pé èèyàn gbé ìyá ẹ̀ sí ilé ìtọ́jú, àwọn kan á ní ó ti lọ já ìyá ẹ̀ jù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá yẹn lè ti ṣubú ní bálùwẹ̀ nígbà tí gbogbo ọmọ wà níbi iṣẹ́, ọmọ-ọmọ wà ní sùkúù, tí ò sẹ́ni tó máa gbé e dìde. Tọ́rọ̀ bá ti dà bẹ́ẹ̀, ká wá ilé tó dáa ló kù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání lọ ni pé, ẹ má wo àgbà tí ọmọ ẹ̀ ń yà wò lójoojúmọ́. Ẹni tí kò lálejò, tí ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, tí wọ́n tẹ́ sí yàrá ẹ̀yìn, òun ni kẹ́ ẹ wò, torí bí wọ́n bá ṣe ń ṣe é ni wọ́n ṣe máa ṣe ìyá yín lọ́jọ́ tẹ́ ò bá sí ńbẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń bi wá pé "ibẹ̀ wá dáa àbí kò dáa, kí ni wọ́n kọ nípa ẹ̀?" torí ohun tó mọ́ wọn lára nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba máa ń fún ilé ìtọ́jú ní ìràwọ̀, látorí ẹyọ kan dé márùn-ún, láti 2008 ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní England, CQC, àjọ tó ń mójú tó ilé ìtọ́jú, ló ń lọ yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á sì gbé ohun tí wọ́n bá rí síta. Níbí o, ojú yín, imú yín àti etí yín ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé màmá lè dá wẹ̀, ṣé ó lè dá wọṣọ, ṣé ó lè dá lọ sí tọ́ọ́lẹ̀ẹ̀tì, ṣé ó lè ti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, ṣé ìtọ̀ máa ń bọ́ lára ẹ̀ láìmọ̀, ṣé ó lè fọwọ́ ara ẹ̀ jẹun, àwọn oògùn wo ló ń lò. Àwọn míì máa kọ ọ́ tán, wọ́n á rí i pé ẹni tó máa wá bá màmá gbélé láàárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ti tó, ìyẹn náà dáa. Tó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú náà lẹ ṣì fẹ́, ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ wá fetí sí ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín. Ilé tó bá jẹ́ pé "oṣù kan ni báyìí, dípọ́síìtì ni báyìí" ni wọ́n fi dá yín lóhùn, tí wọn ò bi yín bóyá màmá ń rìn tàbí kò rìn, èmi ò ní lọ wò ó rárá. Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye tó yẹ kí wọ́n gbà lórí ẹni tí wọn ò mọ ohun tó ń ṣe é?

Ní ti ìwé, ìwé CAC tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri ò sọ nǹkan kan nípa ìtọ́jú, ó kàn ń sọ pé wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni, ẹni tó ń ta símẹ́ǹtì náà ní in. Láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ bèèrè, èyí tí Nursing and Midwifery Council of Nigeria máa ń fún wọn, ẹ wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀, ẹ wo bóyá ọjọ́ ẹ̀ ò tíì kọjá. Aṣọ funfun nìkan ò sọ èèyàn di nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ àwọn tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ máa jẹ́ ọgsílárì (auxiliary), ìyẹn àwọn tó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kò sóhun tó burú ńbẹ̀, àwọn gan-an ló máa wẹ màmá, tí wọ́n á pààrọ̀ pampers ẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì láàánú gan-an, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì gidi gbọ́dọ̀ wà tó ń darí wọn. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1987 fún àwọn ilé ìtọ́jú tó ń gba owó ìjọba sọ pé kí nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ǹsì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ fi ìyẹn wọn tiwa náà: ẹ bi wọ́n pé "ta ni nọ́ọ̀sì tó wà lórí dúútì mọ́jú òní?" Tí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á tún àwọn àgbà ṣe, ògá á mú yín yíká. Ìyẹn ò burú, ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Ìkejì àti ìkẹta ni kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yà níbẹ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ẹ yà níbẹ̀ lẹ́yìn Mọ̀gáríbì nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ti lọ ilé, tàbí lọ́jọ́ Sunday nígbà tí ògá ò sí ńbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì lè bọ́ sí àsìkò tí wọ́n mú iná lọ ìyẹn gan-an ló dáa jù. Tí wọ́n bá ní ẹ ò lè wọlé torí pé ẹ ò sọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sọ ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Kí àgbà máa sinmi lọ́wọ́ jẹ́ ìdí. "Ògá ò sí nílé" kì í ṣe ìdí.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, imú lẹ máa kọ́kọ́ lò. Kí yàrá kan rùn ìtọ̀ nígbà kan, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni. Kí gbogbo ilé máa rùn ìtọ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ìyẹn ni pé pampers ń pẹ́ lára wọn. Òórùn Izal tó ń ta èèyàn nímú gan-an náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ara àwọn àgbà. Ẹ wo èékánná wọn, ẹ wo ètè wọn bóyá ó gbẹ, ẹ wo bóyá ife omi wà níbi tí ọwọ́ wọn lè tó, kì í ṣe orí tábìlì tó wà lọ́hùn-ún. Ṣé aṣọ ara wọn ni wọ́n wọ̀ àbí aṣọ ẹlòmíì? Ẹni tó ń lo gíláàsì, ṣé ojú ẹ̀ ló wà àbí inú dúrọ́ọ̀? Tó bá di aago mọ́kànlá àárọ̀ tí gbogbo wọn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń tòògbé, ẹ bèèrè oògùn tí wọ́n ń fún wọn. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé oògùn oorun ni wọ́n fi ń pa àwọn àgbà lẹ́nu mọ́, pàápàá àwọn tí iyè wọn ti ń ra, tí wọ́n máa ń rìn káàkiri lóru. Bákan náà ni kí wọ́n fi aṣọ de èèyàn mọ́ àga. Ẹni tí wọ́n bá ń dè, ara ẹ̀ á túbọ̀ máa rọ, kò sì ní kó má ṣubú.

Egbò ìdùbúlẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé lórí dáadáa. Ẹni tí ò lè yí ara ẹ̀ padà, egungun á máa tẹ awọ mọ́ fóòmù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibẹ̀ mọ́, awọ á kú. Gìgísẹ̀, òkè ìdí, ìbàdí, èjìká àti ìpàkọ́ ló máa ń mú jù. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í kọ́kọ́ pupa bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, ojú ibẹ̀ kàn á dúdú ju àyíká ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á gbóná tàbí kó le, ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í tètè rí i nìyẹn. Nítorí náà ẹ bi wọ́n tààrà: ẹni mélòó ló ní egbò níbí, ṣé ilé ló ti gbé e wá àbí ibí ló ti bẹ̀rẹ̀? Ilé tó ń sọ òótọ́ lè ní ẹnì kan ní in, wọ́n á sì sọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi ń kọ àkókò tí wọ́n ń yí àwọn èèyàn padà hàn yín, bíi wákàtí méjì-méjì ló yẹ kó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wo ìwé yẹn dáadáa, tó bá jẹ́ báírò kan náà, ọwọ́ kan náà, láti aago mẹ́fà àárọ̀ dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ni.

Oúnjẹ: ẹ má wo ohun tó wà nínú abọ́ nìkan. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì lè dùn, kí ẹni tó ń fi bọ́ bàbá dúró lé e lórí, kó máa ti òkèlè ńlá bọ̀ ọ́ lẹ́nu nígbà tí bàbá ṣì fẹ̀yìn lélẹ̀, oúnjẹ yẹn lè bá ibòmíì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kó jókòó dáadáa, kí ẹni tó ń bọ́ ọ náà jókòó, kó gbé tẹnu mì kó tó gba òmíì. Ní ti omi, àgbàlagbà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ẹ sì mọ ooru tó máa ń mú ní Ìlọrin láti February títí òjò á fi dé, àfi kí wọ́n máa fi omi lọ̀ wọ́n. Bóhòòlù ńkọ́, jẹnẹrétọ̀ ńkọ́, ta ló ń ra epo?

Ẹ ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìbéèrè pé tí màmá bá dákú lóru, kí ló máa ṣẹlẹ̀. Ta ló wà lójúfò? Mọ́tò wo? Ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀? UITH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin, ti wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, ẹni tó bá wà lápá Asa Dam mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe tòsí. Ọsibítù wo ni wọ́n máa kọ́kọ́ sáré gbé e lọ? Tó bá jẹ́ Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lẹ wà, ìbéèrè kan náà ni. Ẹ ní kí wọ́n fi mọ́tò yẹn hàn yín.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn àgbà. Ọmọ ogún ọdún tó ń pe ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún lórúkọ, tàbí tó ń jágbe mọ́ ọn pé "dìde ńbẹ̀!", níwájú yín, kí ló máa ń ṣe tẹ́ ò bá sí ńbẹ̀? Ṣé obìnrin ló ń wẹ àwọn obìnrin? Ṣé wọ́n máa gbé omi àlùwàlá wá fún Alhaja, kí wọ́n yí àga ẹ̀ sí apá gábàsì kó lè jókòó kírun? Ìyá tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ tún wo ti èdè, àwọn àgbà kan wà tí ọjọ́ orí ti mú Gẹ̀ẹ́sì kúrò lẹ́nu wọn, Ìgbómìnà ilé nìkan ló kù, àwọn míì Fúlàní tàbí Nupe ni wọ́n padà sí. Ó dáa kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ. Tó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ ti jọ jókòó pẹ̀lú dókítà ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kí Ràmàdáánì tó dé, kí wọ́n má dá a ṣe.

Owó, ní kúkúrú: kí wọ́n kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì bóyá pampers, oògùn àti owó ọsibítù wà nínú ẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa dá padà tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò láàárín oṣù. Ẹ gba rísíìtì.

Tí màmá bá ti wà níbẹ̀, ẹ ṣì máa wò ó. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù lórí òṣùwọ̀n kan náà, tó bá ń fọn láìsí ìdí, ẹ pe dókítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, fídíò kọ́ọ̀lù ń fi ojú nìkan hàn, ẹ ní kí wọ́n yí fóònù sí gìgísẹ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní Tankẹ tàbí Gáà Àkànbí kó máa yà síbẹ̀ lójijì. Tó bá jẹ́ pé màmá máa ń dákẹ́ lójijì tí òṣìṣẹ́ kan bá wọlé, ẹ gbé e síta lórí àga, síbi afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ tó bi í léèrè, ẹ má bi í lójú wọn.

Tẹ́ ẹ bá wá rí egbò tàbí ojú ibi tí ọwọ́ ti fún un lápá, ẹ má kọ́kọ́ pariwo lé òṣìṣẹ́ lórí, torí màmá ṣì lè sùn lọ́wọ́ wọn mọ́jú. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i, ẹ gbé màmá lọ sí ọsibítù kí dókítà wò ó kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá ko ògá ibẹ̀ lójú. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e kúrò, ẹ gba ìwé oògùn ẹ̀, ìwé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ àti ti ìwọ̀n ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde ní géètì, wọ́n máa bi yín léèrè ẹ̀ níbi tó ń lọ.