Bí a ṣe ń mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn ní Abẹ́òkúta

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó sílé ní Àdìgbẹ nígbà tí wọ́n kó dé láti Èkó. Ilé-ìwé wà lọ́tùn-ún wọn, ó wà lósì. Ìwé tó yẹ kó tẹ̀lé ọmọ náà ni kò sí. Ilé-ìwé aládàáni tó ti kúrò ní àwọn ò ní fún un ní lẹ́tà nítorí owó sáà kan tó ṣẹ́kù. Ilé-ìwé tó fẹ́ wọ̀ ní àwọn ò lè gbà á láìrí lẹ́tà. Èmi ni mo ń wọ mọ́tò ní Kútọ̀ lọ sí Èkó, tí mo tún ń padà, tí ọmọ ọdún 12 sì ń ti ojú fèrèsé wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wọ aṣọ ilé-ìwé kọjá. Ó dùn mí gan-an, nítorí ohun tí à bá fi ọjọ́ méjì ṣe kí wọ́n tó dì ẹrù ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń to bí a ṣe ń ṣe é sílẹ̀ fún ẹni tó bá tún fẹ́ dáwọ́ lé e.

Ẹ kọ́kọ́ wo kíláàsì tí ọmọ wà

Oṣù kẹsàn-án, tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀, ló rọrùn jù, pàápàá fún ọmọ tó ń wọ Pírámárì 1, JSS 1 tàbí SS 1. Gbogbo wọn ló jẹ́ àlejò nígbà yẹn. (Ọdún 6 ni ìlànà ìjọba fi sílẹ̀ fún ọmọ tó ń wọ Pírámárì 1.) Fún JSS 2, àyè ṣì lè wà. JSS 3 àti SS 3, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ parí ibi tó wà.

Ilé-ìwé ló ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún WAEC àti NECO, máàkì tí ọmọ ti ń gbà láti SS 1 sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ọmọ tó bá yí padà ní SS 2 ní láti gbé máàkì SS 1 rẹ̀ dání, kí ilé-ìwé tuntun lè rí nǹkan kọ. Bí ó bá ti di SS 3, ọ̀pọ̀ pírínsípà kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ọmọ tí wọn ò kọ́ rí ni wọ́n máa buwọ́ lùwé fún.

Fún ọmọ sínọ̀, ẹ tún béèrè bóyá gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé tuntun, bóyá olùkọ́ wà fún un. Mo ti rí ọmọ tó ń ṣe Technical Drawing dáadáa tó fi í sílẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ ní ibi tó lọ.

Ìwé tí ẹ ó gbà kí ẹ tó kúrò

Lẹ́tà tí gbogbo èèyàn ń pè ní tiránsífà ni àkọ́kọ́. Ẹ kọ̀wé ṣókí sí ọ̀gá ilé-ìwé pé ẹ fẹ́ mú ọmọ kúrò, ẹ sọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tí ọmọ máa wá kẹ́yìn, kí ẹ sì fún wọn ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n bá fún yín ní tiwọn, ẹ má ká a sápò. Ẹ kà á níbẹ̀. Orúkọ ọmọ ní kíkún gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, kíláàsì tó wà nígbà tó ń lọ, bóyá ó yege bọ́ sí kíláàsì tó kàn, ìwà rẹ̀, àti pé kò jẹ wọ́n lówó. Kí ọ̀gá buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ ló dá mi padà sí Èkó lẹ́ẹ̀kejì.

Tẹsitimóníà yàtọ̀ sí tiránsífà. Ọmọ tó ti parí ilé-ìwé ni wọ́n ń fún ní tẹsitimóníà. Èyí tó ń lọ láìtíì parí ló ń gba tiránsífà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní ọ̀kan dípò èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba èsì ìdánwò sáà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, kí òǹtẹ̀ wà lórí wọn náà. Bí ilé-ìwé àtijọ́ bá wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi forúkọ ọmọ sílẹ̀ lórí OGSERA, ìyẹn ojú òpó ayélujára tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ (LIN ni wọ́n ń pe nọ́ńbà náà), kí ẹ kọ ọ́ síbi tí kò ní sọnù. Ọmọ tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá kò ní í ní irú nọ́ńbà yìí. Ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé tuntun bá yín ṣe é.

Ti gbèsè ńkọ́? Ẹ má sá. Ẹ má fi fóònù ṣe é, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Òbí tó bá lọ jókòó níwájú ọ̀gá, tó sọ pé, “Ẹ má bínú mà, iye tí mo ní rèé, ìgbà tí mo máa san ìyókù sì rèé,” máa ń rí ojú rere ju ẹni tó gbé ọmọ sá lọ. Ohun tó yọ àwa náà nìyẹn. A san ìdajì, a tọwọ́ bọ̀wé lórí ìyókù, wọ́n sì fún wa ní lẹ́tà kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá.

Orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ bára mu

Nílé, ẹ wá ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, fún ọmọ, nọ́ńbà NIN rẹ̀ àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù bíi mẹ́rin. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ wá wo orúkọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ.

Nílẹ̀ wa, ọmọ kan lè ní orúkọ márùn-ún. Bàbá sọ ọ́ ní Ọlámidé, ìyá bàbá ń pè é ní Àbẹ̀ní, ẹni tó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi kọ Àbẹ̀ní ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kì í bìkítà títí ọmọ fi dé SS 3, torí JAMB, orúkọ tó wà nínú NIN ni tiwọn. Ìgbà tí ọmọ bá ń yí ilé-ìwé padà ló dára jù láti tún un ṣe, nítorí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà tuntun. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ ṣe ìbúra ní kóòtù bí ìyàtọ̀ bá wà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì ọmọ.

Ibi tí ẹ ó lọ

Fún ilé-ìwé aládàáni, ẹ lọ tààrà: ẹ ra fọ́ọ̀mù, ọmọ á ṣe ìdánwò, wọ́n á sọ iye owó fún yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo owó náà sórí ìwé kan, láti orí aṣọ dórí ìwé kíkà.

Pírámárì ìjọba wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé tó sún mọ́ yín ná. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ́jú pọ̀, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín ló kàn. Ẹni tó ń gbé ní Ìbarà tàbí Aké wà lábẹ́ Gúúsù Abẹ́òkúta, ti Láfẹ́ńwá wà lábẹ́ Àríwá, tí sẹkitéríàtì wọn wà ní Àkómọjẹ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé ní Ọ̀bántókò rò pé Abẹ́òkúta làwọn wà, bẹ́ẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá ni ìjọba ìbílẹ̀ wọn.

Ti sẹ́kọ́ńdírì ìjọba, ọ̀dọ̀ pírínsípà lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, òun ló mọ̀ bóyá àyè wà. Bí ó bá gbà, ó lè ní kí ẹ mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti agbègbè yín tàbí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Òkè-Mósàn. Abeokuta Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, àti Baptist Boys' High School ti 1923, ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ, nítorí orúkọ wọn. Ẹ gbìyànjú níbẹ̀ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ ti mú ilé-ìwé kejì lọ́wọ́, èyí tí ọmọ lè dé láìwọ mọ́tò méjì. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti Pírámárì 1 dé JSS 3 nílé-ìwé ìjọba. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó àyè wá, ẹ béèrè rìsíìtì ìjọba.

Ẹ mú ọmọ dání lọ́jọ́ náà, kí ó jẹun kó tó jáde, nítorí wọ́n lè fún un ní ìdánwò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojúlówó ìwé wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Igbákejì pírínsípà sọ fún mi pé, “Àǹtí, ọmọ yín gbọ́n o, àmọ́ ìwé Yorùbá tó fọwọ́ kọ kò ní àmì kankan, ìṣirò rẹ̀ náà ṣì rẹlẹ̀. Ṣé ẹ lè gbà kó tún JSS 1 ṣe?” Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó wọ JSS 2 fún sáà kan ná, kí wọ́n wò ó. Wọ́n gbà, a sì wá olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ fún un. Ẹ béèrè irú àyè bẹ́ẹ̀, kò sí àbùkù níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi èsì ìdánwò hàn yín pé ọmọ kò tó o lóòótọ́, ẹ gbà.

Lẹ́yìn tó bá ti wọlé

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lọ bá tíṣà kíláàsì, kí ẹ fojú ara yín rí orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà. Mo ti gbọ́ ti ọmọ tó ń jókòó ní kíláàsì fún odidi sáà tí kò sí nínú ìwé. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìgbàwọlé rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbé e sórí OGSERA. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ bi ọmọ léèrè ẹni tó jókòó tì í.