Yíyan Ẹ̀rọ Ìfín-oògùn tí Apá Àgbẹ̀ Oníwọ̀nba Oko Ká

Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò ju éékà márùn-ún lọ la kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí fún, pàápàá àwọn tó ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, sóyà àti ata ní Òkè-Ògùn, ní Ìbàràpá àti ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí owó ìroko ti ń ga sí i lọ́dọọdún, tí alágbàṣe sì máa ń ṣọ̀wọ́n gan-an ní àkókò tí koríko ń fẹ́ bo ohun ọ̀gbìn mọ́lẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé wọn ni pé iye tí ọlọ́jà bá pe ẹ̀rọ kọ́ ni iye tí ẹ̀rọ náà yóò ná wọn. Ẹ̀rọ tí wáṣà rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì, tí a kò sì rí òmíràn rà fún un ní gbogbo ìlú, wọ́n ju èyí tí a fi ìlọ́po owó rẹ̀ rà tí a sì lò fún ọdún mẹ́rin. Èyí tó sì ń jò sí àgbẹ̀ lẹ́yìn yóò tún gba owó mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Èwo ló yẹ oko yín?

Ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé kò nílò ju ìgò ìfín kékeré tó ń gba lítà kan tàbí méjì lọ. Bí ebè ẹ̀fọ́ bá pọ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ àgbékọ́ èjìká tó ń gba lítà márùn-ún sí mẹ́jọ lè ṣe é, ìyẹn èyí tí a ń pọ́ǹpù kí afẹ́fẹ́ tó kún inú rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí fín. Àléébù rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń dínkù ni oògùn tó ń jáde ń dínkù, tí ebè àkọ́kọ́ yóò fi gba oògùn ju ebè ìkẹyìn lọ bí a kò bá dúró tún un pọ́ǹpù.

Fún oko tó tó éékà kan sí márùn-ún, ẹ̀rọ àgbékọ́yìn tí à ń fi ọwọ́ kan pọ́ǹpù bí a ti ń rìn, èyí tí àwọn kan ń pè ní nápúsáàkì, ni a gbà pé ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò. Èyí tó ń gba lítà 15, 16 àti 20 ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi títóbi táǹkì tàn yín. Omi lítà kan wọn kílógíráàmù kan, nítorí náà ẹni tó gbé lítà 20 kọ́ ẹ̀yìn ti ru ogún kílógíráàmù kí a tó ka ìwọ̀n ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, là á sílẹ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wúwo ju kílógíráàmù 25 lọ nígbà tó bá kún. Lójú tiwa, lítà 16 tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí omi kò bá jìnnà sí oko, ó sàn kí obìnrin tàbí àgbàlagbà máa pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kan sí i ju kí ẹ̀yìn máa ro ó títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀rọ oníbátìrì náà dára, nítorí pé ipá rẹ̀ kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ táǹkì dé òpin, ọwọ́ kì í sì í ro ẹni tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n bátìrì òjé tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí owó wọn kò pọ̀ kì í fẹ́ kí iná tán nínú rẹ̀ pátápátá. Bí a bá lò ó tán ní oṣù kẹsàn-án, tí a sì gbé e sójú kan títí òjò ọdún tó ń bọ̀ láì fún un ní iná, ó ṣeé ṣe kí a ra bátìrì mìíràn. Ẹni tó bá wù láti ra irú rẹ̀, tí iná kò sì sí ní abúlé rẹ̀, kí ó wá èyí tó tún ní ọwọ́ ìpọ́ǹpù lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí iṣẹ́ má bàa dúró ní ọjọ́ tí bátìrì bá kọ̀. Ẹ̀rọ abẹ́ńtírólù tó ń fẹ́ oògùn bí ìkùukùu jẹ́ ti olóko kòkó àti igi eléso, tí oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé òkè igi. Kò sí ohun tí àgbẹ̀ alágbàdo éékà méjì fẹ́ fi ṣe.

Ẹ dán an wò níwájú ọlọ́jà

Ọlọ́jà tó mọ̀ pé ọjà òun dára kò ní kọ̀ kí ẹ da omi mímọ́ sí i. Ẹ da omi náà dé ìdajì, ẹ dé e, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ẹ pọ́ǹpù títí ọwọ́ yóò fi le, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Bí omi bá jáde láti ẹ̀gbẹ́ ìdérí, oògùn yóò máa gba ibẹ̀ ṣàn sí yín lọ́rùn lóko. Ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ nu ibi tí rọ́bà ti wọ táǹkì, ibi tí ó ti wọ ibi ìfọwọ́tẹ̀, àti ìdí ọ̀pá ìfín. Bí ọwọ́ bá tutù, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ ibi ìfọwọ́tẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lójijì. Omi gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò gbọ́dọ̀ máa kán tó, tó, tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fín omi náà sórí sìmẹ́ńtì tó gbẹ bí ẹ ti ń rìn. Bí ilà tó fi sílẹ̀ bá tutù dọ́gba, nọ́sù rẹ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀pá ìfín tí oògùn ń gbà jáde, dára, ṣùgbọ́n bí ibì kan bá ṣàn tí ibòmíràn sì gbẹ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni koríko yóò ṣe kú ní ibì kan tí yóò sì máa ta ewé ní ibòmíràn.

Ẹ wo asẹ́ pẹ̀lú. Ó yẹ kí ọ̀kan wà ní ẹnu táǹkì, kí òmíràn sì wà nínú ibi ìfọwọ́tẹ̀ tàbí lẹ́yìn nọ́sù, nítorí omi odò wa kì í ṣe aláìní iyanrìn. Okùn èjìká gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí irin tó dè é má sì tinrin. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́jà pé kí ó mú wáṣà, rọ́bà àti nọ́sù irú ẹ̀rọ náà jáde kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Bí ó bá ní òun yóò bá yín wá a, ẹ kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì. Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a kọ síhìn-ín, a sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju orúkọ tí wọ́n kọ sára táǹkì lọ.

Nọ́sù ni ojú iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń fi nọ́sù kan ṣoṣo tó bá ẹ̀rọ wá fín gbogbo oògùn, ibẹ̀ sì ni owó oògùn ti ń ṣòfò jù. Oògùn apakoríko ń fẹ́ nọ́sù pẹlẹbẹ tó ń fọ́n omi bí abẹ̀bẹ̀, tí ẹ̀kán rẹ̀ tóbi díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ sórí ohun ọ̀gbìn tàbí sí oko aládùúgbò. Nígbà tí a bá ń fi í ṣiṣẹ́, kí a má pọ́ǹpù kíkankíkan. Oògùn apakòkòrò àti ti àrùn ewé ní tiwọn ń fẹ́ nọ́sù tó ń fọ́n omi yípo, tí ẹ̀kán rẹ̀ kéré, kí ó lè wọ abẹ́ ewé. Ẹ rántí kòkòrò ajẹ-àgbàdo tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí a kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní ọdún 2016, tí Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ dé. Inú ọ̀mùnú àgbàdo ló ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń ju ọ̀pá ìfín sọ́tùn-ún sósì lókè ewé kò tí ì bá a jà. Ọ̀mùnú kọ̀ọ̀kan la gbọ́dọ̀ dojú nọ́sù kọ, ní àárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí ìdin náà bá jáde wá jẹun.

Àwọ̀ ara nọ́sù tó bá bá ìlànà àgbáyé mu kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ipá tó ń ti omi jáde bá tó báà 3 (báà ni òṣùwọ̀n ipá náà), aláwọ̀ ìyeyè ń tú omi bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan, aláwọ̀ búlúù ń tú lítà kan ó lé ìdá méjì nínú mẹ́wàá, aláwọ̀ pupa sì ń tú lítà kan ó lé ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ihò nọ́sù ń fẹ̀ sí i bí a ṣe ń lò ó. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ rà á, ẹ gbe omi tó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan sínú ike tí a fàlà sí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dí, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà tú u, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti omi tó fún un.

Ìwọ̀n oògùn inú táǹkì kan

Ìdérí ìgò àti agolo mílíìkì kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ wọn ilẹ̀ tó jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú àti mẹ́wàá lóròó. Ẹ da omi mímọ́ sí táǹkì dé ilà kan, ẹ fín ilẹ̀ náà bí ẹ ṣe máa ń rìn lóko, kí ẹ wá wọn omi tí yóò dá a padà sí ilà náà. Bí ó bá jẹ́ lítà méjì, ohun tí ẹ ó lò fún hẹ́kítà kan, tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, jẹ́ lítà 200. Táǹkì lítà 16 yóò kárí mítà onígun mẹ́rin 800, hẹ́kítà kan yóò gba táǹkì méjìlá àti ààbọ̀, éékà kan yóò sì gba bíi márùn-ún. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ sára ìgò pé lítà mẹ́rin oògùn ni ti hẹ́kítà kan, mílílítà 320 ni yóò wọ inú táǹkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ìdánwò yìí ṣe bí ẹ bá pààrọ̀ nọ́sù, tàbí bí ó bá jẹ́ pé ọmọ yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tiyín lọ, ni yóò fín oko. Ìgò tó bá ní nọ́ńbà NAFDAC nìkan ni kí ẹ rà. Paraquat, oògùn apakoríko tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lò tipẹ́, ti di èèwọ̀ ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, nítorí náà ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tà á lábẹ́ tábìlì.

Kí ẹ tó pín owó yín, ẹ yọ ti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàtà òjò, ìbòmú àti dígí ojú sọ́tọ̀. Bí owó kò bá tó ẹ̀rọ olówó gọbọi àti àwọn nǹkan wọ̀nyí pa pọ̀, ẹ ra ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kí ẹ lè rí wọn rà.

Ẹ̀rọ méjì, tàbí ẹgbẹ́ kan

Oògùn apakoríko tó ṣẹ́kù sínú rọ́bà lè pa ẹ̀wà tàbí tòmátì tí a fín lọ́jọ́ kejì nítorí kòkòrò. Ìdí nìyí tí a fi ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ ní ẹ̀rọ méjì, kí ẹ sì fi ọ̀dà pupa kun ti apakoríko. Bí apá ẹnì kan kò bá ká a, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí àwọn olóko mẹ́ta tó múlé gbera lè dá owó jọ, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà, nítorí ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn ń gbé tí ẹnikẹ́ni kì í fọ̀ kì í pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ń fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ọṣẹ nínú èkejì, kí ẹ sì fín omi náà sínú oko tí ẹ ti ń bọ̀. Kò gbọ́dọ̀ wọ odò tàbí ẹ̀bá kànga. Ẹ gbé e kọ́ sí òjìji, kí ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó o.

Ẹni tó ń fín oko lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún kò fi dandan ní láti ra ẹ̀rọ rárá. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn ọ̀dọ́ wà tó ti kọ́ iṣẹ́ yìí tí wọ́n ń fín oko fún owó, ẹ sì lè fi iye tí wọ́n ń gbà lórí éékà kan wé iye ẹ̀rọ, ohun èlò ìtúnṣe rẹ̀ àti aṣọ iṣẹ́. Kí ẹ tó fún ọ̀kan nínú wọn ní iṣẹ́, ẹ ní kí ó fi omi lásán fín ilà kan níwájú yín, kí ó fi nọ́sù méjèèjì hàn yín, kí ó sì sọ bí ó ti ń wọn oògùn fún yín àti ibi tó ti ń fọ ẹ̀rọ rẹ̀.