Bí A Ṣe Ń Dá Bánákù Orí Àpáta Mọ̀

Àwọn ìkarahun funfun kéékèèké tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ àpáta etí òkun kì í ṣe ẹbí ìgbín. Bánákù ni wọ́n, ẹbí akàn àti edé. Ìkarahun yẹn ló tan àwọn onímọ̀ jẹ títí di nǹkan bí ọdún 1830, nígbà tí onímọ̀ ẹranko kan, John Vaughan Thompson, ṣàkíyèsí pé ọmọ wọn ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ọmọ edé kó tó wá ibi lẹ̀ mọ́.

Dúró dìgbà tí omi bá fà. Mú awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 dání, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.

1. Yan èyí tó dá wà, tí kò sì tíì gbó. Àwọn tó fún mọ́ra wọn máa ń ga gogoro nítorí àyè ò sí. Àwọn tí ìgbì ti họ lára ńkọ́? Ojú ìpàdé pátákó ìkarahun wọn á ti parẹ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kà á ṣì.

2. Fi omi òkun fọ̀ ọ́, kí o wá ka pátákó tó ṣe ògiri yí i ká. Má ka 4 tó wà lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀kùn nìyẹn. Bí ògiri bá jẹ́ 4, ó lè jẹ́ irú bánákù tí wọ́n ń pè ní Austrominius modestus tàbí Tetraclita. Bí ó bá jẹ́ 6, tẹ̀ síwájú.

3. Wo pátákó ògiri méjì tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, níbi tí ẹnu rẹ̀ gùn sí. Bí àwọn méjèèjì bá wọ abẹ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Chthamalus ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ̀, tó sì gùn lé àwọn aládùúgbò rẹ̀, ìran Semibalanus àti Balanus ni. Àmì yìí ṣeé gbára lé ju àwọ̀ lọ, torí ewéko òkun lè sọ èyíkéyìí di aláwọ̀ ewé.

4. Fi ọ̀bẹ yọ èyí tó ti kú, tí inú rẹ̀ ti ṣófo. Ìdí Balanus le bí ìkarahun, ó sì máa ń fi ojú àpá funfun sílẹ̀ lára òkúta. Awọ lásán ni ti Semibalanus balanoides.

Bí o bá fẹ́ rí i láàyè, ri òkúta kékeré tó wà lára rẹ̀ sínú omi òkun, kí o sì ní sùúrù. Á ṣílẹ̀kùn, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí bí ìyẹ́ síta, méjì-méjì lọ́nà 6 ni, á máa fi gbá oúnjẹ wọlé. Má lo omi tí kò níyọ̀: ńṣe ni yóò tìlẹ̀kùn pa.