Bí a ṣe ṣe ọdún Kérésìmesì pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ wa tó wà lọ́nà jíjìn

Ọ́fíìsì wa ní Yábàá kò ju yàrá méjì lọ, ṣùgbọ́n àwa méjìlá ni à ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìṣirò owó wọn. Mẹ́rin péré nínú wa ló ń gbé Èkó. Àwọn yòókù wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìlọrin, Àkúrẹ́ àti Òṣogbo, ẹnì kan sì wà ní Toronto ní Kánádà. Ní ọdún 2024, àwa ará Èkó jẹ, a mu, a sì ya fọ́tò, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kàn ń wo fọ́tò náà lórí WhatsApp ni. Ó dùn mí gan-an. Nígbà tí ọdún 2025 ń lọ sópin, mo ní kò níí rí bẹ́ẹ̀ mọ́; gbogbo wa ni a ó jọ ṣe é lórí ìpè fídíò Zoom. Aṣọ ẹbí ni a fi ń mọ ẹbí tó ń ṣe ìnáwó, nítorí náà aṣọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó ra ohunkóhun, mo pe oníkálukú lórí fóònù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mùsùlùmí ni arábìnrin wa tó wà ní Ìlọrin, n kò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo ń fi tipá mú un. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má dààmú ara yín. Bí a ṣe ń gbé ẹran Iléyá fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò wa ni àwọn náà ń gbé ìrẹsì Kérésì wá fún wa.” Ẹni tó wà ní Òṣogbo sin bàbá rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ó ní òun yóò bá wa jókòó, ṣùgbọ́n òun kò níí tan kámẹ́rà, òun kò sì níí tíì rán aṣọ náà. Mo ní kó ṣe bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí kì í bá ṣe pé mo pè é, n bá ti máa yọ ọ́ lẹ́nu pé kó jó fún wa.

Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kọkànlá ni mo lọ sí ọjà Balógun ní ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí pé ẹni tó bá gbé aṣọ fún télọ̀ ní oṣù Kérésì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjákulẹ̀. Mo ra ìdì ankárá mẹ́fà, yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà, aláwọ̀ ewé tí òdòdó pupa wà lára rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìpàdé, mo fi tépù wọ̀n ọ́n, mo sì gé e ní yáàdì mẹ́ta-mẹ́ta, èyí tó tó fún búbà tàbí ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan tó ń rìnrìn àjò bá wa gbé ti Toronto lọ.

Wébíìlì ni a fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kù láti gáréèjì Jíbówú àti Ọjọ́ta. Mo fi màkà kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sára ẹrù kọ̀ọ̀kan, mo gba nọ́ńbà dírẹ́bà, mo sì ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀. Ìyẹn ló gbà wá, nítorí nígbà tí ọmọkùnrin wa dé gáréèjì ní Àkúrẹ́, wọ́n ní àwọn kò rí ẹrù kankan. Mo pe dírẹ́bà títí ó fi gbé e, a sì gbọ́ pé ẹrù náà ti bá a dé Adó-Èkìtì nínú búùtù. Ọjọ́ kẹta ló tó padà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, ni a yàn, kí oníkálukú lè ráyè bá ẹbí rẹ̀ ṣe ọjọ́ 25. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ti Èkó, tí í ṣe aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Toronto. Mo fi owó dátà ránṣẹ́, mo sì fi ₦15,000 owó oúnjẹ tì í fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí n kò rò pé ó yẹ kí n jókòó sí Yábàá kí n máa yan oúnjẹ fún ará Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn ní àmàlà òun gbẹ̀gìrì ni òun fi ń ṣe ọdún; ìrẹsì ọ̀fadà ni ti àwọn ará Abẹ́òkúta. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má baà sú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ojú wọn yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ankárá kan náà, n kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó wà ní Toronto kò rí télọ̀, ó ró tirẹ̀ lé orí súwẹ́tà. Ọmọkùnrin Àkúrẹ́ nawọ́ kí wa, òwú funfun tí télọ̀ fi lé aṣọ náà ṣì ń mì lẹ́nu apá rẹ̀. A ní kí oníkálukú béèrè ìbéèrè kan nípa ìlú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará Abẹ́òkúta béèrè ibi tí Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti ṣe Kérésìmesì ọdún 1842 kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ọmọ Àgbádárìgì ni ẹni tó wà ní Toronto, ó sì ti pariwo orúkọ ìlú rẹ̀ kí ìbéèrè náà tó parí. Ẹni wa ní Òṣogbo kò tan kámẹ́rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Arábìnrin Ìlọrin ló ń kí wa lọ́wọ́ nígbà tí àkókò pé: “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ̀mí á ṣe...” Ìpè náà já. N kò tíì tú gèlè mi tí fóònù mi fi dún. Òun ni.

“Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, Àǹtí.”