Bí A Ṣe Lè Fún Ọ̀dọ́bìnrin Ní Àyè Tó Tọ́ Sí I Nínú Ẹgbẹ́

Ẹ̀tọ́ ni ìdọ́gba láàárín ọkùnrin àti obìnrin, kì í ṣe àánú. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi fọwọ́ sí àdéhùn kan lọ́dún 1979 láti fòpin sí gbogbo ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n ń ṣe sí àwọn obìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ kí àdéhùn náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, kí ó kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn ní ìpàdé méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n já lù, ta ló to àga, ta ló dúró gbálẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ti ń lọ sílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ọmọbìnrin ni ìgbálẹ̀ yóò wà, ọwọ́ ọmọkùnrin sì ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó.

Ibẹ̀ gan-an ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbígbá yí kárí, kí ẹ sì fi ọ̀dọ́bìnrin sí ipò tó láṣẹ lórí owó. Ní tèmi, ipò igbákejì tí kò níṣẹ́ kankan kò yàtọ̀ sí òdòdó orí tábìlì. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣirò owó ṣáájú ìpàdé, nítorí ẹni tó mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde kì í bẹ̀rù ìbéèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, alága ni kó sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀." Àkókò ìpàdé ńkọ́? Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́bìnrin fúnra wọn, kí ẹ tó mú un.