Bí àlejò ṣe lè wáṣẹ́ ní Williston láìbá onílé jà

Ní Williston, ìlú epo ní ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, ìkànìyàn 2010 ka ènìyàn 14,716. Ti 2020 ka 29,160. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ń rọ́ wọlé, ọ̀rọ̀ ilé ló dá ìjà sílẹ̀ jù: arúgbó tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì kò lè bá òṣìṣẹ́ epo du yàrá.

Nítorí náà, wá ibùsùn kí o tó gbéra. Má gbẹ́kẹ̀ lé sísùn sínú ọkọ̀. Wọ́n lè lé ọ, òtútù ibẹ̀ sì lè pa ènìyàn. Gba ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ akẹ́rù àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa H2S, gáàsì olóró tó máa ń jáde níbi kànga epo, sílẹ̀. Mú owó oúnjẹ oṣù kan àbọ̀ dání, torí owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í tètè dé.

Lójú ọ̀nà oko, rọra sáré: eruku ọkọ̀ ń bo koríko tí màlúù ń jẹ. Géètì tí o bá bá ní títì, tì í padà. Èyí tó ṣí, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí làwọn àgbẹ̀ kì í gbàgbé! Bí ọkọ̀ bá pàdé tìrẹ, gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn. Ìkíni wọn nìyẹn.